Ara Ti Yá, Àárẹ̀ Kò Lọ

Ọdún 2018 ni mo gba dírípù kímò, òògùn tí ń pa jẹjẹrẹ, tó kẹ́yìn, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo sì parí ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n ṣe sí ọrùn mi. Àìsàn tí wọ́n tọ́jú náà ni Hodgkin lymphoma, ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn kókó kéékèèké tí ń bá àrùn jà ní ọrùn, ní abíyá àti ní àyà. Láti ìgbà náà, kò sí àyẹ̀wò kan tí ó fi hàn pé jẹjẹrẹ náà padà wá, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá. Ohun tí kò tíì padà sípò ni agbára mi. Ó ń rẹ̀ mí títí di òní, ó sì ṣòro láti sọ ọ́ jáde láìjẹ́ pé ó dún létí àwọn ènìyàn bí àìmoore sí Ọlọ́run àti sí àwọn tí wọ́n ná owó lé mi lórí.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú àárẹ̀ tí mò ń sọ, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í rẹ̀ ní Àbújá. Ẹni tí ó ń gbé ní Mararaba tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Garki ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà, bí mo bá sọ pé ó rẹ̀ mí, èsì tí mo máa ń gbà ni pé, "Ta ni kò rẹ̀?" Àárẹ̀ tiwọn ní ìdí, ó sì ní òpin, bí wọ́n bá sùn dáadáa ní òpin ọ̀sẹ̀, ara wọn a fúyẹ́. Tèmi kò bá iṣẹ́ tí mo ṣe mu. Mo lè sùn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí tí ládàánì yóò fi pe ìrun àsùbáà, kí n sì jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun rárá. Ìwẹ̀ nìkan lè gba agbára mi débi pé n óò ní láti jókòó sórí àpótí kí n tó lè wọṣọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí apá àti ẹsẹ̀ kò ní ìṣòro kankan, ṣùgbọ́n tí orí yóò kọ iṣẹ́: n óò ka gbólóhùn kan nínú fáìlì, n óò tún un kà, n kò sì ní lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, n óò fẹ́ pe orúkọ ẹni tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, orúkọ náà kò ní wá sẹ́nu. Ínfátà kan wà nílé wa ní Kubwa tí bátìrì rẹ̀ ti gbó. Láàárọ̀, iná ara rẹ̀ yóò fi hàn pé ó kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan fáànù pọ̀ mọ́ tẹlifíṣàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí gbogbo ilé yóò sì ṣókùnkùn. Bí ara mi ṣe rí nìyẹn. Àwọn tí wọ́n bá pàdé mi láàárọ̀ rí iná tí ó kún, wọn kì í sí níbẹ̀ ní ọ̀sán nígbà tí mo bá gbórí lé tábìlì.

Àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbà pé jẹjẹrẹ tàbí ìtọ́jú rẹ̀ lè fi àárẹ̀ sílẹ̀ sára ènìyàn, àárẹ̀ tí ó máa ń kan ara, ọkàn àti ọpọlọ, tí kò dọ́gba pẹ̀lú iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe, tí ó sì ń dí i lọ́wọ́ nínú ohun tí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Norway tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ irú àìsàn tí ó ṣe mí yìí gan-an. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 26 ni àárẹ̀ ti bá gbé fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ó jẹ́ nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú yòókù. Ọjọ́ tí mo ka iye yìí, mo pe ọkọ mi wá kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kì í ṣe pé inú mi dùn sí ìyà àwọn ará Norway, ṣùgbọ́n ó tù mí nínú gidigidi pé ní ìlú tí kò sí ẹ̀fọn ibà, tí iná kì í lọ, tí wọn kì í sun go-slow, ó ṣì ń rẹ̀ wọ́n bí ó ṣe ń rẹ̀ mí.

Kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè nà ní ìka pé òun ló fà á. Àwọn onímọ̀ fura sí àwọn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ó bá ń bá àrùn jà, irú èyí tí ń mú kí gbogbo ara ro wá nígbà tí ibà bá dé, pé wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ lọ nínú ara àwọn kan fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti parí. Wọ́n tún fura sí iṣan ara tí ó ti rọ nítorí àìlò, sí oorun tí kò ṣe déédéé mọ́, àti sí ìbànújẹ́ tí ènìyàn kò jẹ́wọ́. Àwọn òògùn náà sì ní tiwọn. Mẹ́rin ni wọ́n máa ń lò pọ̀ nínú irú kímò tí mo gbà, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì: doxorubicin, bleomycin, vinblastine àti dacarbazine. Èyí àkọ́kọ́, òògùn pupa tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń rọra tì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, lè sọ ọkàn di aláìlágbára. Bleomycin lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ìtànṣán tí ó bá kọjá ní ọrùn sì lè mú kí ẹṣẹ́ ọrùn tí a ń pè ní thyroid, èyí tí ń darí bí ara ṣe ń lo agbára àti bí ó ṣe ń móoru, máa falẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kàn sọ pé "àárẹ̀ kímò ni" kí ó sì dákẹ́. Àwọn ohun tí ó ní ìwòsàn lè fara pa mọ́ sábẹ́ èyí tí kò ní.

Ṣùgbọ́n nílùú wa, àárẹ̀ ni ibà, ibà sì ni àárẹ̀. Kí dókítà kankan tó yẹ̀ mí wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti lo òògùn ibà tí ó tó kó sínú àpò, mo ti lo òògùn tí ń fún ni lẹ́jẹ̀, mo ti mu omi ewé ugu, mo sì ti mu mọ́ọ̀tì tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ mílíìkì títí tí òórùn rẹ̀ fi ń lé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, bí ó tilẹ̀ máa dun àwọn àǹtí mi: mọ́ọ̀tì àti mílíìkì kì í di ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. PCV mi, àyẹ̀wò tí ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára hàn, kò sì lọ sílẹ̀ láti ìgbà tí ìtọ́jú ti parí, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni mo ń wá.

Dókítà kan tí mo kọ́kọ́ sọ fún ní ilé ìwòsàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúpẹ́ pé mo wà láàyè, kí n sì lọ sinmi. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí. Ó ní kí n fi nọ́ńbà sọ àárẹ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, láti 0 sí 10, kí 0 jẹ́ pé kò rẹ̀ mí rárá, kí 10 sì jẹ́ àárẹ̀ tí kò sí èyí tí ó lè burú jù ú lọ. Mo ní 7. Ó ní bí ó bá ti tó 4, ó yẹ kí a wá ìdí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lóòótọ́: ẹ̀jẹ̀, thyroid, ṣúgà, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, àti àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wò láti orí àyà. Ó béèrè bóyá mo máa ń han-run, bóyá mo máa ń jí lóru, bóyá ohun tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ṣì ń wù mí, àti gbogbo òògùn tí mò ń lò, títí kan àgbo. Ọkàn mi kò ní àbùkù. Thyroid ni ó ti falẹ̀. Ìyẹn ni ó ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń wọ súwẹ́tà nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru ń lé gbogbo Àbújá jáde sí ìta lóru. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo levothyroxine, òògùn tí ń dí àlàfo iṣẹ́ thyroid, láràárọ̀ kí n tó jẹun. Òtútù náà lọ, irun orí mi dẹ́kun jíjá, ara mi sì le díẹ̀ sí i. Àárẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ láti 7, ṣùgbọ́n kò bá òtútù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù fún mi kò sí nílé ìwòsàn rárá, àárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn mi ni ó wà. Nígbà tí ìtọ́jú parí, a lọ sí Ọ̀ffà, a pe àwọn àáfáà, wọ́n ṣe àdúrà, a pa àgbò, a sì ṣe sàráà fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ta ilẹ̀ nítorí òògùn mi wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ nítorí mi wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀, ta ni yóò tún bá sọ pé ara òun kò dá? Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá ọkọ mi pé n kò lè wá fún ìsọmọlórúkọ kan nítorí àárẹ̀, ó dákẹ́ lórí fóònù, ó wá ní, "Ìyàwó mi, má fi ẹnu ara rẹ pe ohun tí ó ti lọ padà." Alhaja kì í ṣe ènìyàn líle. Òun ni ó wá bá wa gbé ní Kubwa nígbà ìtọ́jú, òun ni ó ń fọ ohun tí mo bá bì. Ẹ̀rù ni ó ń bà á, àti pé nínú èrò tirẹ̀, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Èmi náà mọ òwe yẹn, mo sì gbà á. Ohun tí n kò gbà ni pé ẹni tí ó bá sọ ibi tí ó ń dun òun ti sọ ọpẹ́ rẹ̀ nù. Fún ìgbà pípẹ́ ni gbogbo ẹni tí ó bá bi mí pé ṣé ara le máa ń gbọ́ "Alhamdulillah" lẹ́nu mi, títí kan dókítà, ẹni tí a sanwó fún kí ó lè gbọ́ òmíràn. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àáfáà wa ní àsàlátù, Ànábì Ayyub ni ó fi dá mi lóhùn. Ó ní gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n sí onísùúrù, ṣùgbọ́n nínú Al-Kùránì, òun fúnra rẹ̀ ni ó ké pe Olúwa rẹ̀ pé ìnira ti bá òun, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní aláìmoore nítorí rẹ̀. Mo ní kí ó bá mi sọ ọ́ fún Alhaja lórí fóònù, ó sì sọ ọ́. Kò yí ohun gbogbo padà, ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ohun tí Alhaja máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé o sinmi lónìí?"

Ààwẹ̀ Ramadan tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Òfin ẹ̀sìn kò le koko lórí rẹ̀: aláìsàn lè ṣí ààwẹ̀, kí ó san án padà ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí kò sì sí ìrètí pé yóò lè san án padà yóò máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Ìṣòro tèmi ni pé n kò mọ ọ̀wọ́ tí mo wà, nítorí pé ara mi kì í rí bákan náà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ebi àti òùngbẹ kọ́ ni ó máa ń dá mi dúbúlẹ̀, jíjí sí sààrì ni, nítorí pé ó máa ń gé oorun sí méjì, àìsùn òru kan sì lè gba ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀lé e lọ́wọ́ mi. Ìmọ̀ràn tí dókítà àti àáfáà jọ fún mi ni kí n máa gba ààwẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí n kò lọ síbi iṣẹ́ bí ara bá gbà á, kí n máa lo òògùn thyroid mi ní alẹ́ nígbà tí oúnjẹ ìṣínu bá ti dà dáadáa, kí n sì fi oúnjẹ ran aláìní lọ́wọ́ fún àwọn ọjọ́ yòókù. Ẹni tí kò bá gbé ní Òkè Ọya rí lè má mọ bí ó ti rí láti jẹ́ àgbàlagbà tí ó wé gèlè, tí ó ń mu omi ní ọ̀sán Ramadan nínú ọ́fíìsì tí a ti ń kí ara wa ní Hajiya àti Mallam. Wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọn a kàn wò ọ́, wọn a sì tún wo ibòmíràn. Mo máa ń lọ mu omi nínú mọ́tò.

Lórí ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń ṣèrànwọ́, èyí tí ó ní ẹ̀rí jù lọ ni èyí tí ó máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín: eré ìdárayá. Ní ọdún 2019, àwọn ògbógi láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó ìwádìí jọ, wọ́n sì gbà pé bí ẹni tí ó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ bá ń rìn kánmọ́-kánmọ́ tàbí tí ó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12, àárẹ̀ rẹ̀ máa ń dín kù. Ìṣẹ́jú 30 dà bí àwàdà létí mi nígbà náà. Láti ẹnu géètì dé ilé ìtajà tí ó wà ní ìkóríta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Katsina tí ń ṣọ́ géètì wa máa ń kí mi ní "Sannu, Hajiya" nígbà tí mo bá ń jáde àti nígbà tí mo bá ń wọlé, àárín ìkíni méjèèjì sì ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni pé ọjọ́ tí ara bá yá gan-an ni ọjọ́ tí ó léwu jù. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn máa ń fẹ́ fọ gbogbo aṣọ, kí ó lọ sí ọjà Wúsè, kí ó sì tún bẹ ẹni tí ó bímọ wò, ibùsùn ni yóò sì wà ní ọ̀la àti ọ̀túnla. Nítorí náà, mo máa ń dúró nígbà tí agbára ṣì kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dà bí ọ̀lẹ lójú ẹni tí ń wò mí.

Níbi iṣẹ́, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi sí ọ́fíìsì ìsàlẹ̀, nítorí pé lífìtì ilé náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá wù ú. Ọ̀gá mi gbà, ó sì gbà pẹ̀lú pé kí n máa ṣe iṣẹ́ tí ó nílò ìrònú láàárọ̀, kí n fi fífi ìwé sí fáìlì sí ọ̀sán. Àwọn kan sọ pé mò ń fi àìsàn tí ó ti tán gba ojúure. N kò dá wọn lóhùn mọ́.

Mo mọ ọkùnrin kan ní Kàdúná tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CML. Imatinib ni ó ń lò, òògùn oníhóró tí ó sọ àìsàn tí ń tètè pa ènìyàn tẹ́lẹ̀ di ohun tí a lè bá gbé títí dọjọ́ ogbó. Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti máa ń gba òògùn náà, nítorí pé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn láti gbogbo Nàìjíríà ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2003. Àárẹ̀ tirẹ̀ kò dà bíi tèmi. Tèmi jẹ́ ohun tí ìtọ́jú fi sílẹ̀ lọ. Tirẹ̀ ń bá òògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́ rìn, kò sì lè fi òògùn náà sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti fẹ́ máa fo ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan kí ara lè sinmi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe é láìsọ fún dókítà, nítorí pé fífo òògùn náà lè jẹ́ kí àìsàn gbérí, nígbà tí dókítà fúnra rẹ̀ lè yí ìwọ̀n rẹ̀ padà tàbí kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó so wá pọ̀ ni pé wọ́n ti ṣe sàráà lórí òun náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Kàdúná gbọ́ pé ó ń rẹ̀ ẹ́.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé àárẹ̀ tí ó ti mọ́ ènìyàn lára lè fi òmíràn pa mọ́. Bí òógùn bá ń rin aṣọ ẹni lóru láìjẹ́ pé ooru mú, bí ènìyàn bá ń rù láìmọ ìdí, bí ibà bá ń wá tí ó ń lọ, tàbí bí kókó kan bá tún yọ ní ọrùn tàbí abíyá, kì í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò ni a máa ń dúró dè, ọjọ́ náà gan-an ni a ń lọ sílé ìwòsàn. Mo máa ń fi ọwọ́ wo ọrùn mi nígbà ìwẹ̀. Ọkọ mi náà mọ àwọn àmì yìí, nítorí pé èmi lè ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Àyẹ̀wò thyroid mi ti ọdún yìí wà lẹ́yìn Iléyá. Mo ti kọ nọ́ńbà tí n óò sọ fún dókítà sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí "Alhamdulillah" má baà ṣáájú rẹ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu: 5 ni, ó sì máa ń tó 6 ní ọ̀sẹ̀ tí iná kò bá sí.